Ogún Ìṣẹ́jú Péré Ni Mo Bẹ̀ Yín

Má tíì sọ ọ́, Murray. Má tíì sọ ohun tí ìyàwó ẹ rán ẹ, mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà tó o ti páàkì mọ́tò sétí odò tó o wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lórí koríko tí yìnyín bò, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú jẹ́. O débí, o yìn mí. O ní àwo mi ń dán, o ní ìsọ̀ mi kún lónìí, o ní fìlà yìí bá mi mu. Fìlà tí mo ti ń dé láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ṣé o rò pé òní ni mo dé ọjà ọjọ́ Sọ́ńdè ni? Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́wọ́ mi, ìkòkò yẹn ló máa kọ́kọ́ bú, á ní etí ẹ̀ ti ya, á ní ìyá òun ní irú ẹ̀ tó dáa jù ú lọ, á gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ. Ìyẹn máa rà. Àmọ́ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí, kò wá ra nǹkan kan, ó wá gba nǹkan ni.

Jókòó. Kì í ṣe orí àpótí yẹn, gíláàsì ló wà nínú ẹ̀. Èkejì.

Glenys ní kí n wá ṣe nǹkan dídùn tí àwọn àlejò ẹ̀ máa jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ní Sátidé tó ń bọ̀, àbí irọ́ ni mo pa? Ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ọgọ́ta ọdún. Ó sì ní kó o fi kún un pé kò pọn dandan kó jẹ́ nǹkan bàbàrà, pé nǹkan tó rọrùn náà ti tó. Ò ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o rí i? Àbúrò mi ni, kẹ̀kẹ́ mi ni mo fi ń gbé e lọ síléèwé, mo mọ ohùn ẹ̀ kódà tó bá gba ẹnu ẹlòmíì jáde.

Ó rọrùn. Ọlọ́run ń gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi, Murray. Ó ti wọ̀ mí léegun. Ọdún Àjíǹde dé, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, Glenys á tẹ̀ mí láago: Athol, ṣáà fi búrẹ́dì tó ṣẹ́kù ṣe púdìǹgì, ẹyin àti mílíìkì náà ni, ó rọrùn. Lóòótọ́ ló rọrùn. Ta ló ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì yẹn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan? Ta ló ń dúró tì í kó mu mílíìkì tẹ́rùn kó tó wọ ààrò? Kò pẹ́, kò jìnnà, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun dé, bísíkíìtì óòtù ni, gbogbo yín á ti ibi òkúta ìrántí dé ní ìdájí, òtútù á ti pa yín lọ́wọ́, ẹ máa bá agolo bísíkíìtì lórí tábìlì, ẹ máa kó o jẹ, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìgbà tí ẹni tó yan án sùn. Oṣù kẹfà, ọjọ́ ìbí Ọba. A ò mọ Ọba, Ọba ò mọ̀ wá, síbẹ̀ èmi ni kí n bó ápù. Bó o, gé e, fi ọwọ́ fọ́ bọ́tà mọ́ fúláwà àti ṣúgà títí á fi dà bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, dà á lé ápù lórí, tì í sínú iná. Ó rọrùn, ọmọ ọdún méje lè ṣe é. Kí ló wá dé tí ẹnì kan nínú ilé yín ò ṣe é rí, láti ọdún mẹ́tàlélógún tí ẹ ti ń jẹ ẹ́?

Rárá, mi ò bínú sí iṣẹ́ náà. Má yí ọ̀rọ̀ mi po. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, màá ṣe é. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí látọjọ́ Sátidé yẹn, mi ò tíì sùn dáadáa, mò ń jókòó síwájú ẹrù mi níbí, àwọn èèyàn ń dúnàá-dúrà, mi ò lè bá wọn fà á. Láàárọ̀ yìí obìnrin kan dárúkọ ohun tó fẹ́ san lórí ìkòkò irin kan, ẹ̀gàn gbáà ni, mo ní kó máa gbé e lọ. Èmi, Athol. Ó wò mí bíi pé àìsàn ń ṣe mí.

Kí lo ní? Pé kí n gbàgbé Sátidé yẹn?

Ẹ gbà mí o. Ó ní kí n gbàgbé. Jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀, torí mo rò pé o ò mọ ohun tó o ní kí n gbàgbé. Kérésìmesì ti oṣù Kejìlá, ìgbà ooru ni lọ́dọ̀ wa níbí, etí òkun la máa ń wà, ẹja la máa ń yan, ta ló fẹ́ jẹ nǹkan gbígbóná nínú oòrùn? Torí ẹ̀ ni ìyá wa ṣe ya Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù keje, látìgbà tá a ti wà ní kékeré, tí òtútù bá ti mú débi tí omi ń dì nínú páìpù, ká lè ṣe Kérésìmesì bó ṣe yẹ, ká jẹ ẹran yíyan, ká jẹ nǹkan dídùn tó ń yọ ooru. Ìwọ wá bá a nílẹ̀ ni. Ọdún tó o kọ́kọ́ wá, abọ́ mẹ́ta lo jẹ, ìyá wa ní ọkùnrin yìí máa dáa fún Glenys torí ó mọ oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ nìyẹn.

Ìyá wa ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún báyìí. Látọdún Àjíǹde ni wọn ò ti jẹun dáadáa mọ́ nílé àwọn arúgbó yẹn. Síbí méjì, wọ́n á ti abọ́ sẹ́yìn. Aṣọ wọn ti ń tóbi fún wọn lọ́rùn, ìwọ náà rí i. Mo lọ kí wọn lóṣù kẹfà, mo ní Mọ́mù, kí lẹ fẹ́ jẹ, ohunkóhun ni, màá wá a. Wọ́n wò mí pẹ́. Orúkọ bàbá wa ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, “Rógódó.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo kúrò níbẹ̀, mi ò lè ṣíná mọ́tò.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe rógódó, tó o ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí wá? O ò mọ̀ ọ́n. Kò sóhun tó rọrùn tó o nínú gbogbo nǹkan dídùn ilé wa. Fúláwà, ìyẹn èyí tó ń wú fúnra ẹ̀, bọ́tà díẹ̀, ẹyin kan, mílíìkì tó máa pò ó pọ̀. O máa ká a rógódórógódó sọ́wọ́. O máa da omi, ṣúgà, bọ́tà àti oyin ìrèké inú agolo sínú ìkòkò, tó bá ti hó, o máa jù wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, o máa dé e. Ó tán. Ogún ìṣẹ́jú. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má ṣí i. Ooru tó há sínú ìkòkò yẹn ló ń gbé e dìde. Tó o bá ṣí i, òtútù á wọlé, gbogbo ẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, kò sì ní í dìde mọ́, ò báà dé e padà nígbà mẹ́wàá.

Èmi ò lè ka ìwé tí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, o mọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí bàbá wa já bọ́ látorí àkàbà nínú oko ápù. Ìyá wa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń di ápù sínú páálí, èmi kúrò níléèwé, mò ń dáná fún Glenys. Etí ni ìyá wa fi kọ́ mi. Wọ́n á ní kí n dúró ti ìkòkò, kí n dijú. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀ fúyẹ́, omi lásán ló ń hó, tó bá yá, ohùn á máa wúwo, á máa dún pọ́, á dákẹ́, á tún dún pọ́, ìgbà yẹn ló jinná. Etí yẹn náà ni mo gbé wá sọ́jà, òun ni mo fi ń mọ ẹni tó lówó lápò tó ń sọ pé òun ò ní.

Ó dáa. Sátidé ọjọ́ náà, ilé yín. Glenys lọ mú Mọ́mù wá. Òun nìkan ló lè mú wọn jáde, òun ló kàwé, orúkọ ẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé àwọn arúgbó, tí kò bá buwọ́ lùwé, Mọ́mù ò lè kọjá gbàgede. Mi ò ṣàròyé lórí ìyẹn rí. Mo gbé ìkòkò síná, mo dé e, gbogbo yín dúró ní kíṣìnì, mo ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ìgbà yẹn ni Mọ́mù ní òtútù ń mú àwọn. Mo jáde lọ la igi sí i fún iná pálọ̀. Glenys wà ní pálọ̀, ó ń wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ta ló kù ní kíṣìnì? Ta ló ń gé ẹran?

Mi ò tíì sọ pé ìwọ ni. Ẹni tó ń gé ẹran ni mo bèèrè.

Dákẹ́ ná, ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ káàárọ̀, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, abọ́ ààrò ni. Kò ya, iná ló sọ ọ́ dúdú bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìka yín kàn án kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ máa wò ó lọ, mi ò lọ síbì kankan.

Ibo la dé? Mo gbé igi wọlé. Látẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ. Ohùn yẹn ti yí. Kò fúyẹ́, kò wúwo, ó ń dún bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọmọrí wà lórí ìkòkò bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igi láyà, mo ní bóyá etí mi ló ń darúgbó. Mo tan ara mi jẹ. Mo bù ú sábọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ, inú ẹ̀ dì bí amọ̀. Ẹ ń wo ara yín. Glenys ní, háà, Athol, nǹkan tó rọrùn yìí. Lójú ìyá mi. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ, Murray, ẹ̀rín kékeré kan báyìí, tó gba imú jáde.

Mọ́mù fi síbí gé ọ̀kan. Wọ́n fi í sẹ́nu, wọ́n rún un díẹ̀, wọ́n rọra tu ú padà sórí síbí, wọ́n gbé síbí sílẹ̀. Obìnrin tí kò rántí orúkọ mi mọ́. Wọ́n gbójú sókè, ojú wọn mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ ápù bọ̀, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, “Ta ló ṣí i?”



Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Èmi ò dá wọn lóhùn torí mi ò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni níwájú oúnjẹ, ìyẹn ni àṣìṣe tèmi, mo gbà. Glenys ní Mọ́mù, kò sẹ́ni tó ṣí nǹkan kan, ẹ jẹ áísìkiriìmù díẹ̀. Wọ́n ti abọ́ sẹ́yìn. Wọ́n tún un bèèrè. Nínú mọ́tò, wọ́n ń bèèrè. Lẹ́nu géètì ilé àwọn arúgbó, wọ́n ń bèèrè. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tẹ ìyàwó ẹ láago pé màmá yìí ò fẹ́ jẹun, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣí nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ni Glenys wí? Ó ní orí Mọ́mù ti dàrú pátápátá. Ó ní ìjáde yẹn ló pọ̀ jù fún wọn. Ó lòun ò ní í buwọ́ lùwé mọ́ láé. Kò sí ìjáde mọ́, kò sí Kérésìmesì oṣù keje mọ́, wọ́n á máa jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa wo ògiri, wọ́n á máa ti abọ́ kọ́sítádì tútù sẹ́yìn, títí dìgbà tí, mi ò ní í parí ẹ̀. O mọ ibi tó ń lọ.

Ta ni orí ẹ̀ dàrú? Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nídìí tábìlì yẹn, tẹ́ ẹ ń sọ ti bọ́ọ̀lù àti òjò, ìbéèrè Mọ́mù nìkan ló ní làákàyè. Wọ́n fi ahọ́n gbọ́ ohun tí èmi fi etí gbọ́. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kò sí eyín lápá òsì, wọ́n sì mọ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di àìsàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nọ́ọ̀sì.

Kí lo wí? Pé bóyá iná ló kéré? Murray. Pé bóyá fúláwà ti pẹ́? Murray, wò mí. Nígbà tí mo gbé igi kọjá, jígí ojú ẹ funfun báláú. Ooru ti bò ó. Ò ń fi etí ẹ̀wù nù ún, o yíjú sí fèrèsé. Ẹran tó o ń gé ti kúrò nínú ààrò ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú, ó ti tutù. Ooru wo ló ń jáde lára ẹran tútù?

Hùn-ún.

Ó lọ, obìnrin yẹn. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Jẹ́ kó máa lọ, ó máa padà, ó kan ìka mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo mọ̀ pé o kàn fẹ́ wò ó ni. Mo mọ̀. Oyin ìrèké ń ta sánsán, bọ́tà wà nínú ẹ̀, ìta tutù, o ní kí n kàn yọjú wò ó, ó máa tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Èmi náà ti fẹ́ ṣí i rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá wa gbá mi lọ́wọ́, ó wú. Mi ò bá ẹ jà lórí ọmọrí. Ká ní o sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín, Mọ́mù ì bá bú ẹ, wọ́n mọ èébú, o ò gbàgbé, ǹ bá po fúláwà míì, ogún ìṣẹ́jú míì, wọn ì bá jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹnu tó o pa mọ́ ló ń dùn mí. O jókòó síbẹ̀, o jẹ́ kí wọ́n pe ìyá mi ní wèrè nítorí kí wọ́n má bàa pè ẹ́ ní ọ̀kánjúwà.

Rárá. Rárá, gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ìyẹn ò tó. Wàá bá mi gbé tábìlì mi láràárọ̀ Sọ́ńdè? Mo ti ń gbé e kó o tó fẹ́ Glenys. Wàá ní kó bẹ̀ mí? Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò wúlò fún mi, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ máa bẹ̀bẹ̀ fún kí ni? Má máa fi kún un, Murray, ẹrù tó yàtọ̀ lò ń gbé wá. Kì í ṣe òun ni mò ń rà.

Ohun tí màá gbà nìyí, mi ò sì ní í yẹ̀ ẹ́. Wàá lọ sílé àwọn arúgbó yẹn lọ́sàn-án òní. Ìwọ nìkan. Má mú Glenys dání, tó bá wà níbẹ̀, á bá ẹ sọ ọ́, á sì tún un ṣe títí kò ní í jẹ́ nǹkan kan mọ́. Wàá gbé àga sún mọ́ Mọ́mù, sápá ọ̀tún, etí yẹn ló ń gbọ́. Wàá yọ jígí ojú ẹ kí wọ́n lè rí ojú ẹ. Wàá ní, Mọ́mù, èmi ni mo ṣí i. Má fi nítorí-pé kankan sí i. Má sọ pé ó ń ta sánsán. Èmi ni mo ṣí i, ó parí.

Lẹ́yìn ẹ̀, wàá délé, wàá sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ bákan náà, kó lè mọ̀ pé orí ìyá ẹ̀ pé. Á pariwo lé ẹ lórí, jẹ́ kó pariwo. Tó bá parí, á buwọ́ lùwé. Mo mọ àbúrò mi, kò burú, ó kàn máa ń yára ni. Ní Sátidé, Mọ́mù á jókòó ní kíṣìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, a ò ní í gbé wọn lọ sí pálọ̀, wọ́n á máa gbọ́ ìkòkò. Gbogbo àlejò Glenys á jẹ rógódó. Àádọ́ta èèyàn, ọgọ́rùn-ún èèyàn, kó mú wọn wá. Mi ò ní í sọ pé ó rẹ̀ mí.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ṣe é. Kí wọ́n lọ ra kéèkì nílé ìtajà, wọ́n ń tà á nínú páálí, ó rọrùn.

Ṣé wọ́n ti gbàgbé? Mo gbọ́ ohun tó o bèèrè, má ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un sọ. Bóyá wọ́n ti gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Bóyá wọ́n á wò ẹ́ bí ẹni tó wá tún páìpù ṣe. Bóyá wọ́n á ní ṣí kí ni. Síbẹ̀, dá wọn lóhùn. Wọ́n bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa nídìí tábìlì, títí di òní wọn ò tíì gba èsì.

Dìde. Aago méjì ni wọ́n ń gbàlejò. Má ra òdòdó.